Kì Í Ṣe Ọwọ́ Tí A Ń Wò Ni Owó Wà

Lónìí a kò ní sọ̀rọ̀ lórí owó orí, a kò sì ní sọ̀rọ̀ lórí ìṣèlú. Ọ̀rọ̀ eré ni a mú wá, eré tí a fi ń dá ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ lára yá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á dé òpin yóò rí i pé díẹ̀ ló kù kí eré náà di ẹkún.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, a lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò wa. Nígbà tí a jẹ, tí a mu tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ dìde láàrin àwọn ọmọdé. Ó mú owó ẹyọ kan, ó fi han gbogbo wa. Ó fi ọwọ́ òsì mú un, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó di ọwọ́ ọ̀tún náà, ó fẹ́ èémí ẹnu sí i, ó sì là á. Òfìfo ni! Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti na ọwọ́ sí ẹ̀yìn etí ọmọ kékeré kan, ó sì yọ owó náà jáde níbẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá ẹ̀yìn etí rẹ̀ bóyá òmíràn ṣẹ́kù. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn wa kò balẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà ni wá, a mọ ìwé, a mọ ìṣirò, síbẹ̀ ọmọ tí ó ń kọ́ṣẹ́ ti fi owó ẹyọ kan ṣoṣo sọ wá di ọmọdé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a tọ ọmọ náà lọ ní ìsọ̀ ọ̀gá rẹ̀, a sì bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́ wa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí n tó rán bọ́tìnnì kan tán ni mo ti lè kọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ ó lò tó oṣù kan níwájú dígí kí ẹ tó lè ṣe é lójú ènìyàn." A rò pé ó ń ṣe àsọdùn ni. Kò ṣe àsọdùn rárá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé rẹ̀, kí ẹni tí ó bá wù lè dán an wò nílé. Owó ẹyọ kò wọ́pọ̀ lọ́jà wa mọ́ lóde òní. Èyí tí àwa fi kọ́ ọ ni kọ́bọ̀ onihò kan tí ìyá wa fi sílẹ̀, irú èyí tí a ń ná kí náírà tó dé ní ọdún 1973. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀ lè lo ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí a ti lù pẹrẹsẹ.

Ẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́ òsì sókè. Ẹ fi orí àtàǹpàkò àti orí àwọn ìka òsì mú owó náà ní etí, kí gbogbo ènìyàn lè rí i kedere. Ẹ wá mú ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ gbà á. Àtàǹpàkò ọ̀tún yóò gba abẹ́ owó náà kọjá, àwọn ìka ọ̀tún yòókù yóò sì wà níwájú rẹ̀, wọn yóò bò ó bí aṣọ tí a ta sí ẹnu ọ̀nà. Ní ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n bá ti bò ó, kí àtàǹpàkò òsì tú u sílẹ̀. Owó náà yóò rọra bọ́ sí ìdí àwọn ìka òsì, yóò sì sùn síbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún yóò dì bí ẹni pé ó ti gba owó, yóò sì máa lọ sókè, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun kan nínú rẹ̀. Gbogbo àṣírí náà nìyẹn.

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni olùkọ́ wa kékeré náà fi lé wa lọ́wọ́. Èkíní, ó ní kí a kọ́kọ́ máa gba owó náà ní òtítọ́ níwájú dígí, kí a gbà á nígbà ogún, kí a sì wo bí apá wa ti ń rìn, bí ìka wa ti ń dì. Lẹ́yìn náà ni kí a ṣe ti ẹ̀tàn lẹ́ẹ̀kan, kí a wò ó bóyá ó jọ ti òtítọ́. Bí kò bá jọ ọ́, kí a tún bẹ̀rẹ̀. Èkejì, ó ní kí a máa wo ọwọ́ ọ̀tún tí ó ṣófo náà bí ẹni pé owó wà nínú rẹ̀ ní tòótọ́, nítorí ibi tí ojú ẹni tí ń ṣe é bá lọ ni ojú àwọn tí ń wò ó yóò bá a lọ. Ẹ̀kẹta, ó ní ọwọ́ òsì tí owó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dì pinpin bí ọwọ́ olè. Kí ó sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ wa bí ọwọ́ tí kò níṣẹ́ ṣe.

Ó fi ìkìlọ̀ díẹ̀ kún un. Kí a má ṣe é níbi tí ènìyàn bá wà lẹ́yìn wa, nítorí ẹni tí ó wà lẹ́yìn ń rí ohun tí a fi pamọ́ fún ẹni tí ó wà níwájú. Kí a má sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá sì bẹ̀ wá títí pé kí a tún un ṣe, kí a kọ̀, nítorí ẹni tí ó bá ti mọ ohun tí ń bọ̀ ti mọ ibi tí ó yẹ kí òun wò.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni a fi kọ́ ọ tí ìgbéraga fi wọ̀ wá. A pe àwọn ará ilé wa jọ, a gbé kọ́bọ̀ náà sókè, a ṣe é. Kọ́bọ̀ bọ́ sílẹ̀ kàǹ lórí sìmẹ́ǹtì, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ àga ọ̀rẹ́ wa kan tí ó wá kí wa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó nà á sí wa, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, oògùn rẹ kò tíì jẹ́." Àwọn ọmọ fi í ṣe orin kọ sí wa títí di alẹ́. A padà sí iwájú dígí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà; nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọwọ́ wa ti ń ṣe é láìjẹ́ pé ọkàn wa ń darí rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àwọn ọ̀rẹ́ wa péjọ níwájú ilé láti ta ayò, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Àwọn aládùúgbò sì dúró yí wa ká, wọ́n ń wòran. A dìde, a kọjú sí gbogbo wọn, a yọ kọ́bọ̀ wa jáde, a fi ọwọ́ òsì mú un, a fi ọ̀tún "gbà á." Kí ó lè dùn sí i, a pe àwọn ọ̀rọ̀ kan ní ohùn ìsàlẹ̀ bí ẹni tí ń pọfọ̀, a sì la ọwọ́. Òfìfo. Ẹnu yà wọ́n. Akọ̀wé kan láàrin wọn, ẹni tí kì í tètè gba ohunkóhun gbọ́, fò dìde, ó di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wa mú, ó tú apá agbádá wa wò títí dé èjìká. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: bí ó ti ń tú ọwọ́ ọ̀tún wò, kọ́bọ̀ ń sùn jẹ́jẹ́ nínú ọwọ́ òsì. Nígbà tí ó sú u, a na ọwọ́ òsì sínú ọpọ́n ayò, a kó ọmọ ayò inú ilé kan jáde, kọ́bọ̀ sì wà láàrin wọn! Ariwo tí ó sọ ní òpópónà wa lálẹ́ ọjọ́ náà kò kéré. A kò níí purọ́, inú wa dùn dé góńgó.

Irú ayọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826, wọ́n fi eré àwọn apidán dá a lára yá níwájú Aláàfin. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí àwọn òṣèré ti jó nínú àpò, bí òjòlá ńlá ti jáde wá láti inú àpò, àti bí ẹnì kan tí ó ṣe ara rẹ̀ ní òyìnbó ti farahàn, tí ó ń fín áṣáà, tí ó sì ń rìn tìkọ̀tìkọ̀ bí ẹni tí kò wọ bàtà rí ilẹ̀ tútù. Wọ́n ń fi àlejò náà ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ara rẹ̀, òun náà sì ṣe bí ẹni tí ó gbádùn rẹ̀. Ní ìgbà tiwa, ta ni kò gbọ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peller, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí a bí ní ọdún 1941, tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ idán ní ilẹ̀ Íńdíà, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri kí ó tó di olóògbé ní ọdún 1997? Àwọn ènìyàn san owó ìwọlé, wọ́n wòran, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n sì lọ sílé. Idán ni wọ́n pè é, idán ni àwọn ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí.

Ṣùgbọ́n àwa kò pe tiwa ní idán lálẹ́ ọjọ́ Àìkú náà. Ọfọ̀ ni a pè sí i. Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wa wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí a tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ìyá kan tí ó ń ta aṣọ lọ́jà kan ilẹ̀kùn wa. Ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ fún wa ní àdúgbò, ènìyàn jẹ́jẹ́, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ èsúsú àwọn obìnrin ogún kan. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó ní kí ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó jókòó, ó sì tú ìdì kan sílẹ̀ lórí tábìlì wa. Owó ni.

"Àbúrò mi," ni ó wí, "mo wà lẹ́yìn àwọn tí ń wòran lánàá. Ẹni tí ó lè mú owó lọ, tí ó sì lè mú un bọ̀, ó lè mú un bọ̀ ní ìlọ́po méjì."

A ní, "Ẹ̀gbọ́n, eré ni o. Ọwọ́ ló ṣe é."

Ó mi orí. Ó ní, "Àwọn tí ó ní i kì í sọ pé àwọn ní i. Mo gbọ́ ohun tí o pè."

A bi í pé èló ni owó náà. Ó ní 200,000 náírà ni. A bi í pé owó ta ni. Kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jẹ́wọ́ pé owó èsúsú ni, 10,000 náírà láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti pé ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀ ni ẹni tí ó kàn yóò wá gbà á. Ọjà kò lọ déédéé fún un, ó jẹ gbèsè aṣọ. Ó rò pé bí owó náà bá di 400,000, òun yóò san ti ẹgbẹ́, òun yóò sì fi èyí tí ó kù san gbèsè, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ó sọ fún wa pé ọkùnrin kan wà ní apá ibòmíràn nínú ìlú tí ó ti ṣe é fún òun rí. Òun gbé 1,000 náírà fún un, ó fi í sínú àpò ìwé lójú òun, ó lẹ̀ ẹ́, ó gbàdúrà sí i, ó sì dá a padà pé kí òun má tú u títí òun yóò fi délé. Nígbà tí òun délé tí òun tú u, 2,000 ni òun bá nínú rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí òun mú èyí tí ó tóbi wá ní Ọjọ́rú. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ọ lánàá," ni ó wí, "mo ní kí ni mo ń wá lọ sọ́dọ̀ àlejò, nígbà tí ọmọ ilé ẹni ní i?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, òógùn bò wá. A mú kọ́bọ̀ wa jáde, a fi àṣírí hàn án. A ṣe é wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, a jẹ́ kí ó rí bí owó ti ń bọ́ sínú ọwọ́ òsì. Ó wò ó, ó sì ní, "Tìrẹ nìyẹn. Ti ọkùnrin náà yàtọ̀."

A ronú. A wá ìdérí ìgò kan, a fi lé e lọ́wọ́, a ní kí òun náà ṣe é. Láti kékeré ni ó ti ń ká aṣọ, tí ó ń ṣẹ́ ẹ, tí ó ń fi ìka wọn ọ̀pá. Ìka rẹ̀ rọ̀ ju tiwa lọ. Ohun tí a fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́, òun fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n láàrin wákàtí kan. Nígbà náà ni a ní kí ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ wọlé, kí ó ṣe é fún un. Ó ṣe é. Ọmọ náà la ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀ àgbà, ó yẹ gèlè rẹ̀ wò, ó wo abẹ́ àga, ó ní, "Ìyá àgbà, níbo ló lọ?" Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ọwọ́ òsì ara rẹ̀ níbi tí ìdérí ìgò náà sùn sí, ó sì wò ó pẹ́.

Lẹ́yìn náà ó bi wá ní ohùn kékeré pé, "2,000 yẹn ńkọ́?"

A dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, 1,000 tí ó lé yẹn, owó ara rẹ̀ ló fi sí i. Ekòló orí ìwọ̀ ni. Àpò ìwé méjì ló wà, ìkejì sì wà ní ọwọ́ tí ẹ kò wò. Ní Ọjọ́rú, àpò tí ìwé ìròyìn gígé kún inú rẹ̀ ni yóò gbé fún yín, yóò sì ní kí ẹ má tú u títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Kí ọjọ́ méje tó pé, ilé yóò ti ṣófo."

Ó di owó rẹ̀, ó sì lọ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹni tí ó kàn gba owó rẹ̀ pé pérépéré. Gbèsè aṣọ ń bẹ níbẹ̀ síbẹ̀. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni ó fi san án díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ìtàn yìí, kí a ṣáà má dárúkọ òun.

A ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà púpọ̀. Ohun tí a fi ẹnu sọ fún ìyá náà kò wọ̀ ọ́ létí, ohun tí a fi ojú rẹ̀ rí kò sì tó. Ìgbà tí ọwọ́ ara rẹ̀ tan ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹ ni ó tó gbàgbọ́. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé kí ẹ kọ́ eré yìí, kí ẹ sì fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹni tí ó bá mọ bí ọwọ́ ti ń tan ojú jẹ kò ní gbẹ́kẹ̀ lé ojú rẹ̀ jù nígbà tí owó bá wà nílẹ̀. Ẹ wo àwọn oníkáàdì mẹ́ta ní ibùdókọ̀. Káàdì méjì ni wọ́n ń mú ní ọwọ́ kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ rò pé ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n jù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ti òkè ni. Láti ìgbà náà, káàdì tí ẹ ń tọ́jú ojú sí kì í ṣe èyí tí ẹ rò. Àwọn tí ẹ sì rí tí wọ́n ń jẹ owó ńlá níbẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Àwọn onídán kan lè bínú pé a tú àṣírí síta. Ẹ má bínú. Eléyìí ti wà nínú ìwé títẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kì í ṣe òun ni ẹ fi ń jẹun. Ẹni tí ó sì ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa jù wá lọ. Ní ọdún 1584, ọ̀gbẹ́ni Reginald Scot, ará Kent ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé bí àwọn onídán ti ń fi owó, káàdì àti bọ́ọ̀lù kéékèèké tan ojú jẹ. Kì í ṣe láti ba eré ẹnikẹ́ni jẹ́ ni ó ṣe kọ ọ́. Ní àkókò náà wọ́n ń pa àwọn ènìyàn, pàápàá àwọn arúgbó obìnrin tí kò ní olùgbèjà, nítorí pé wọ́n pè wọ́n ní àjẹ́. Ó fẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá ya ojú lẹ́nu ni agbára òkùnkùn wà nínú rẹ̀.

Àwa kò dẹ́kun eré náà. Àwọn ọ̀rẹ́ wa ṣì ń ta ayò níwájú ilé, àlejò tuntun sì máa ń wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n a kò pe ọfọ̀ sí i mọ́, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Nígbà tí a bá sì yọ kọ́bọ̀ jáde nínú ọpọ́n ayò, tí ariwo bá rọlẹ̀, a máa ń sọ fún wọn pé, "Ọwọ́ ló ṣe é o, kì í ṣe oògùn." Èyí kò dín ayọ̀ wọn kù rárá, ńṣe ni wọ́n túbọ̀ ń fi ojú wá a. Akọ̀wé ọjọ́sí ṣì ń tú apá agbádá wa wò títí di òní.

Kí ẹ máa fi ojú sílẹ̀ o. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.